Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Kò sí oníṣòwò kan ní Tejúoṣó tàbí ní Ládípọ̀ tí kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ọmọ-iṣẹ́ tó ń bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀gá mí-ìn tiẹ̀ máa ń pààrọ̀ àgádágodo lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi oníṣòwò yìí kan náà pé ta ló ń tọ́jú orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àdírẹ́sì tó kọ sára káàdì, sára ọkọ̀ àti sára báàgì tó fi ń di ọjà fún oníbàárà, ìdáhùn tó sábà máa ń jáde ni pé ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ló bá àwọn ṣe é. Níbo lọmọ náà wà báyìí? Ó ti japa.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Àgádágodo wà fún orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà. DNSSEC ni wọ́n ń pè é. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é wà lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, káàkiri àgbáyé, orúkọ tí wọn ò fi àgádágodo yìí sí ṣì pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi sí lọ. Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò Sùúrùlérè, Yábàá àti Mushin fi í sí tiwọn. Àmọ́ ohun tó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń mójú tó àkáǹtì bánkì rẹ̀ ló ṣe yẹ kó máa mójú tó o.

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún létí. Fóònù àti kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀. Bí oníbàárà kan ní Mushin bá tẹ orúkọ ilé-ìtajà kan sórí fóònù rẹ̀, fóònù náà á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mí-ìn pé nọ́ńbà wo ló bá orúkọ yìí rìn. Ètò ìbéèrè àti ìdáhùn yìí ni wọ́n ń pè ní DNS, ará Amẹ́ríkà kan, Paul Mockapetris, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1983. Nígbà yẹn, àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán, nítorí náà kò sí ìbuwọ́lù kankan lórí ìdáhùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó l'Ójúẹlẹ́gba, tó ń béèrè ọ̀nà ilé ẹnì kan, tó sì tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ èèyàn rere, á débẹ̀. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, ilé mí-ìn ni wọ́n máa mú un lọ, wọ́n á sì ti lẹ orúkọ ẹni tó ń wá mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Lóṣù keje ọdún 2008, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Dan Kaminsky, jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti pa ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kó tó sọ ọ́ síta, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ti kóra jọ, wọ́n ti tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kàn jẹ́ kí iṣẹ́ le fún olè ni, kò tilẹ̀kùn pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2018, jẹ́ ẹ̀rí. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, àwọn olè yí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà DNS iléeṣẹ́ Amazon gba ọ̀dọ̀ ara wọn. Àwọn tó ń lọ sórí ìkànnì MyEtherWallet, níbi tí wọ́n ń tọ́jú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, bá ara wọn lórí ayédèrú ìkànnì. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ tọ̀nà, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Ìkìlọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ wọn pé nǹkan kò dọ́gba, àmọ́ àwọn kan kọtí ikún sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ síbòmíràn, nǹkan bíi 150,000 dọ́là ti bá wọn lọ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Amazon, kí ni ká ti sọ ti ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, tó ní kí oníbàárà rẹ̀ n'Íbàdàn sanwó lórí ìkànnì kí wọ́n tó dì í fún un?

Ìbuwọ́lù ni DNSSEC fi ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn tó bá ti ọ̀dọ̀ oní-nǹkan wá máa ní ìbuwọ́lù tí ẹlòmíì kò lè ṣe irú ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nọ́ńbà ojú ọ̀nà, ìbuwọ́lù kò ní í bá a mu mọ́, kọ̀ǹpútà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á sì dá a padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ètò kan wà tó ń jẹ́ BIND, iléeṣẹ́ ISC l'Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sí àwòrán mèremère nínú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kan ni, èèyàn á kọ àṣẹ sí i lọ́rọ̀ kan tàbí méjì, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é. Àṣẹ àkọ́kọ́, dnssec-keygen, ló ń rọ kọ́kọ́rọ́. Fáìlì méjì ló máa ń jáde fún kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .key jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Èyí tó parí sí .private jẹ́ àṣírí, ẹni tó bá rí i gbé lè máa buwọ́ lùwé lórúkọ oní-nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rọ. Kékeré ló ń buwọ́ lu àwọn àdírẹ́sì lójoojúmọ́, ńlá ló ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n to àwọn kọ́kọ́rọ́ sí, pé lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ni wọ́n. Àṣẹ kejì, dnssec-signzone, á wá buwọ́ lu gbogbo ìwé orúkọ náà látòkè délẹ̀, á sì kó o sínú fáìlì tuntun tó parí sí .signed.

Iṣẹ́ kò tí ì parí síbẹ̀. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DS gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó bá oníṣòwò forúkọ sílẹ̀, ìyẹn náà á fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ni .com tàbí .ng lókè, kí àwọn náà fọwọ́ sí i pé àwọn mọ ọmọ yìí. Ó fara jọ ilẹ̀ rírà l'Ékòó. Ìwé ẹni tó ń tà á nìkan kò tó, àfi kí olórí ẹbí náà buwọ́ lù ú. Lókè pátápátá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje, ọdún 2010 ni ìbuwọ́lù bẹ̀rẹ̀ lórí gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ìparí oṣù kẹta ọdún 2011 ni .com tẹ̀ lé e. Oníṣòwò Mainland tí orúkọ rẹ̀ parí sí .com kò lè sọ pé àwọn tó wà lókè kò tí ì ṣe tiwọn.

Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ Mainland lógún ju ibòmíràn lọ. Yábàá ni orúkọ .ng ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní orúkọ yìí lọ́dún 1995, Yaba College of Technology ni wọ́n kọ pé ó wà níkàáwọ́ ẹ̀, Ìyáàfin Ibukun Odusote sì ni wọ́n mọ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso rẹ̀. Lọ́dún 2004, ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún 2005 ni wọ́n dá NiRA sílẹ̀, òun ni .ng sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2009. Títì Funsho Williams ní Iponri, tí àwọn àgbà Sùúrùlérè ṣì ń pè ní Western Avenue, ni wọ́n fi ọ́fíìsì NiRA sí. Ìyẹn ni pé láàárín Yábàá sí Sùúrùlérè, ibi tí mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbówó lé, ni ìtàn orúkọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò ní í dáa kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá orísun jẹ́ ẹni tó máa kẹ́yìn níbi odò.

Àwọn tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà tí wọn kò fẹ́ràn DNSSEC, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àgádágodo yìí máa ń ti onílé mọ́ta. Òótọ́ ni. Lọ́gbọ̀njọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, iléeṣẹ́ Slack, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fi DNSSEC sí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé nǹkan kan kò dọ́gba, wọ́n yára yọ ọ́ kúrò. Wọn kò rántí pé àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ṣì ní in lákọsílẹ̀ pé orúkọ yìí gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn wá ìbuwọ́lù tì, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko kí àwọn oníbàárà kan tó rí i lò padà.

Àṣìṣe kékeré kò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2009, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo, tóótó báyìí, ni ètò kọ̀ǹpútà gbàgbé láti fi síparí orúkọ nínú ìwé .se ti orílẹ̀-èdè Sweden. Gbogbo orúkọ tó parí sí .se ló dàwátì fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá mọ ohun tí tóótó kan lè bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ̀ tó gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀, oko tàbí okó ló máa kọ.

Ìbuwọ́lù náà sì lọ́jọ́ tó ń kú. Bí èèyàn bá lo dnssec-signzone láìsọ iye ọjọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ìbuwọ́lù rẹ̀ máa ń lò láyé. Bó bá ti pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, ìkànnì á dàwátì lójú gbogbo ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yẹ ìbuwọ́lù wò. Ó dà bíi páálí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà á lóṣù tó kọjá kò ní kí VIO má dá ọkọ̀ dúró lónìí bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá.

Àmọ́ tí wọ́n bá wo àwọn ìtàn yìí dáadáa, ẹ̀bi àgádágodo kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀bi àìsí ètò ni. Ká ní ọmọ kan ló bá ilé-iṣẹ́ kan fi í sí, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ ni fáìlì .private wà, tó jẹ́ pé ímeèlì tirẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, tó wá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà lóṣù kejì. Nígbà tí ìbuwọ́lù bá kú, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò ní í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yóò máa pe iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún un, yóò máa sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ẹni tó fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fi DNSSEC sí orúkọ rẹ̀, ì bá sàn kó má tiẹ̀ fi í sí i rárá.

Ẹ̀kọ́ wà lára bí àwọn tó ń ṣọ́ gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe tiwọn. Ibi méjì ni wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ńlá náà sí l'Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Culpeper ní ìpínlẹ̀ Virginia, èkejì ní El Segundo ní California. Kò sẹ́nì kan tó lè dá a lò. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, èèyàn méje láti orílẹ̀-èdè oríṣìíríṣìí ni wọ́n yàn láti máa tọ́jú ohun tí wọ́n fi ń ṣí i, ó sì di dandan kí mẹ́ta nínú wọn, ó kéré tán, wà níkàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè ṣeé ṣe. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń ya fídíò rẹ̀, tí gbogbo ayé sì lè wò ó. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, Alain Aina, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tó múlé ti wa gbọ̀ngbọ̀n, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún Culpeper. Moussa Guebre láti Burkina Faso náà wà lára àwọn mí-ìn tí wọ́n fún ní ìpín kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa lò bí nǹkan bá bàjẹ́ pátápátá.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gidi tó máa jẹ́ kí akápò nìkan máa dá gbowó ẹgbẹ́ ní bánkì. Alága á buwọ́ lù ú, akọ̀wé tàbí akápò á buwọ́ lù ú. Kì í ṣe torí pé wọ́n ka akápò sí olè. Ẹni tó mọ́wọ́ lè kú, ó lè ṣàìsàn, ó lè rìnrìn-àjò. Ọwọ́ kan kò gbégbá dórí.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ṣe kò ju mélòó kan lọ, kò sì gba pé kó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ sójú dúdú. Àkọ́kọ́, kó rí i dájú pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọmọ tó ṣe é, kí ímeèlì ibẹ̀ sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Èkejì, kó bi iléeṣẹ́ tó bá a forúkọ sílẹ̀ bóyá wọ́n ń gba DS, àti iye tí wọ́n ń gbà lé e lórí. Bí wọn kò bá gbà á, àwọn mí-ìn wà nígboro. Ẹ̀kẹta, kí èèyàn méjì nínú ilé-iṣẹ́ mọ ibi tí fáìlì .private wà àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi tí iná tàbí olè kò ti ní í kó méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má fi títún ìbuwọ́lù ṣe sí orí ìrántí. Láti ọdún 2020, BIND ẹ̀dà 9.16 ti ní ètò kan, dnssec-policy, tó máa ń tún ìbuwọ́lù ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fọwọ́ kọ àṣẹ dnssec-signzone lóṣooṣù ń wá wàhálà ni. Ìkarùn-ún, bí wọ́n bá fẹ́ kó ìkànnì kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ DS, kí wọ́n dúró bí ọjọ́ méjì, kí wọ́n tó yọ ìbuwọ́lù. Ìkánjú ló kó bá Slack.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àgádágodo yìí máa lé gbogbo olè lọ. Kò lè dá àwọn ọmọ Yahoo dúró bí wọ́n bá lọ ra orúkọ tó jọ ti ilé-iṣẹ́, tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀. Kò bo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń tẹ̀ ránṣẹ́, iṣẹ́ https àti àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré ojú fóònù nìyẹn. Bí olè bá sì rí ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, asán ni. Lóṣù kẹwàá ọdún 2016, àwọn kan wọlé sí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti bánkì kan ní Brazil, wọ́n sì darí gbogbo orúkọ mẹ́rìndínlógójì tí bánkì náà ní sọ́dọ̀ ara wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àgádágodo DNSSEC ń dí ojú ihò kan ni, ihò ńlá sì ni, ṣùgbọ́n kò dí gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ sì wà fún àwọn ẹlòmíì yàtọ̀ sí oníṣòwò. Ìbuwọ́lù tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò kò yàtọ̀ sí risíìtì tí wọ́n ká sápò láìkà á. Láti ọdún 2013 ni kọ̀ǹpútà DNS tí Google ń fi ran gbogbo ayé lọ́wọ́ ti ń yẹ ìbuwọ́lù wò. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni pé kí iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún un náà máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lójú dúdú, kó di ohun tí ìyá olóúnjẹ kan ní Adéníran Ògúnsànyà lè fi ìka kan tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn tó ni .nl dín owó kù fún iléeṣẹ́ tó bá fi ìbuwọ́lù sí orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Lónìí, ó ju ìdajì orúkọ .nl lọ tó ní ìbuwọ́lù. Kì í ṣe ìwàásù ló ṣe é, owó ni. Ọ̀nà tó yẹ kí .ng náà máa tọ̀ nìyẹn, torí pé oníṣòwò Èkó gbọ́ èdè ẹ̀dínwó ju èdè ìbẹ̀rù lọ.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, báwọn àgbà ṣe máa ń wí. Oníṣòwò tó ti fi ogún ọdún kọ́ orúkọ ní Mainland kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé ìbuwọ́lù, tàbí tí ọmọ-iṣẹ́ kan rìnrìn-àjò, pa á rẹ́. Kó tó di pé ó ná owó lórí ìpolówó tuntun lọ́sẹ̀ yìí, kó pe àwọn tó ń bá a ṣe kọ̀ǹpútà jókòó, kó bi wọ́n níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n lò, àti ọjọ́ tí ìbuwọ́lù máa kú. Bí wọn kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹsẹ̀, ó ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.